Obìnrin Tí Herbert Gbà Sídìí Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́

Láti ọjọ́ tí Bùsírátù ti wọ ilé-iṣẹ́ wọn ní Ìgbẹ́ìn ni ọkàn Harriet kò ti gbà á. Kì í ṣe pé obìnrin náà ṣe àfojúdi. Ó kúnlẹ̀, ó kí gbogbo ènìyàn, ó sì pe Harriet ní Àǹtí bó ṣe yẹ. Ohun tó kọ Harriet lóminú ni pé kò béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́. Ìdí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló lọ tààrà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ ojú páànù wò bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, tó bi Herbert pé:

"Ọ̀gá, ta ló ń lò ó?"

"Àwọn tó ń ṣe gàrí ni."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ dárúkọ ẹnìkan nínú wọn fún mi."

Herbert rẹ́rìn-ín, ó wo Harriet, Harriet náà wò ó. Kò sí èyí nínú àwọn méjèèjì tó lè dárúkọ ẹnì kankan.

Herbert ni ẹ̀gbọ́n Harriet. Ó ti ṣiṣẹ́ káfíńtà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè l'Ẹ́bùtẹ́ Mẹ́ta kó tó padà sí Abẹ́òkúta lẹ́yìn ogun Hítílà, tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló ń ṣe: àpótí igi gíga lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí igi roboto kan wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi páànù wé, tí wọ́n sì ti fi ìṣó lu páànù náà ní ihò wínníwínní kó lè máa mú ẹ̀gẹ́ jẹ. Ọwọ́ irin ni wọ́n fi ń yí i. Láwàlì alágbẹ̀dẹ ló ń ṣe apá irin àti páànù. Herbert fúnra rẹ̀ ló ń kan igi. Harriet, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó sì ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ló ń jókòó ti ọjà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà tà. Nígbà tó yá, kò tà mọ́. Àwọn ènìyàn yóò wọlé, wọn yóò yí ọwọ́ irin náà wò, wọn yóò yìn ín, wọn yóò sì bá tiwọn lọ. Herbert rò ó títí, ó ní: "Láwàlì mọ irin, èmi mọ igi, ìwọ mọ ọjà. Kò sẹ́ni tó ń mójú tó ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, látìgbà tó ti wà lọ́kàn títí dé ọwọ́ ẹni tó ń lò ó." Harriet rò pé òun ni yóò fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Bùsírátù, ọmọ Alhájì kan ní Kóbìtì, ló lọ gbà, ọmọ ìdílé oníṣòwò, tó ti ń bá bàbá rẹ̀ ra aṣọ tà láti kékeré. Harriet kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ ni.

Ohun tó rí kò tù ú lára. Bùsírátù kì í jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò wọ mọ́tò lọ sí abúlé Kọ́bapẹ́, yóò sì padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kì í gbé ẹ̀rọ lọ, kì í mú oníbàárà bọ̀.

"Báwo lọjà?" ni Harriet máa ń bi í.

"Mi ò lọ tajà, Àǹtí. Wọ́n ń ṣe gàrí, mo lọ wò wọ́n ni."

Bó bá sì wà nílé, ìbéèrè ni. Kí ló dé tí wọ́n fi kan igi roboto náà mọ́ inú àpótí pa? Ṣé kò ṣeé yọ? Páànù wo ni Láwàlì ń lò, ibo ló sì ti ń rà á? Lọ́jọ́ kan, Láwàlì yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó bá Harriet sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Àǹtí, obìnrin yìí ń bi mí bí mo ṣe ń lu ihò ojú páànù. Kò sì fẹ́ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ta ló fẹ́ lọ sọ ọ́ fún?"

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn Harriet nígbà tó lọ ra òwú ní ọjà Ìtòkú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó sì rí Bùsírátù tó ń jáde bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù Jùbrílù. Gbogbo ará ìlú ló mọ Jùbrílù. Páànù àti ìṣó ló ń tà, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ó ti gba káfíńtà kan, Olúṣẹ̀yẹ, ó sì ti ń sọ kiri pé òun náà yóò máa ṣe ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. Jùbrílù sin Bùsírátù dé etí títì, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, ó sì ki nǹkan kan tí wọ́n fi bébà wé bọ̀ ọ́ lábíyá. Harriet fara pamọ́ sẹ́yìn àtẹ títí wọ́n fi túká.

Nígbà tí Bùsírátù dé ilé-iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Káàbọ̀ o," ni Harriet wí. "Ibo lo ti ń bọ̀?"

"Kọ́bapẹ́ ni, Àǹtí."

"Kọ́bapẹ́ nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Harriet lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Herbert gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní tìtorí ohun tí ẹnì kan rí lọ́nà lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. "Lọ wo ohun tó ń ṣe ní Kọ́bapẹ́ ná. Má jẹ́ kó mọ̀ pé o ń bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Harriet ṣe wọ mọ́tò lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú bàtà àti báàgì rẹ̀, bí ẹni ń lọ sí ìpàdé. Ó béèrè ọ̀nà títí ó fi dé agbo ilé kan lẹ́yìn títì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe gàrí lábẹ́ àtíbàbà. Bó ṣe yọ sí wọn ni gbogbo ẹnu dákẹ́. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ owó orí ń jà ràn-ìn láàárín àwọn obìnrin Ẹ̀gbá. Kò sí abúlé tí wọn kì í ti fura sí àlejò tó bá wọ bàtà wá, pé agbowó-orí ni. Obìnrin kan tilẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ ti agbọ̀n gàrí rẹ̀ wọ abẹ́ àga.

Láàárín wọn ni Bùsírátù jókòó sí lórí àpótí kékeré, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó rí Harriet, kò sì fò dìde.

"Ẹ bọ́ bàtà yẹn, Àǹtí," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ wá mú ọ̀bẹ kan. Ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan ná."

Inú bí Harriet pé ọmọ yìí ń pàṣẹ fún òun, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ti wà lára rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń wá ẹ̀rọ wọn kiri pẹ̀lú ojú. Ó pẹ́ kó tó rí i. Ẹ̀yìn àtíbàbà ni wọ́n gbé e sí, wọ́n ti sá aṣọ ọmọdé lé e lórí, adìyẹ kan sì ń sàba lábẹ́ rẹ̀. Pákó àti páànù àtijọ́ tí àwọn ìyá wọn lò ni àwọn obìnrin náà gbé sórí itan, tí wọ́n ń fi rin ẹ̀gẹ́.

Lẹ́yìn tí ọwọ́ Harriet ti ń mú ọ̀bẹ dáadáa, àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Morónkẹ́, tó ni agbo ilé náà, yíjú sí i. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é, mà."

"Ó dáa o. Ọkọ mi ló rà á. Kò sí àlejò tí kì í fi í hàn."

Àwọn obìnrin yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Harriet. Bùsírátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Màmá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí ẹ ṣe lò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ hàn wá."

Morónkẹ́ kọ̀, ó tún gbà. Ó kó aṣọ kúrò, ó da ẹ̀gẹ́ sínú àpótí náà. Bó ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí i, ẹ̀gẹ́ ń ta sókè. Ó ní láti fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì náà sókè, ó fi àpá tó wà lórí ìka rẹ̀ hàn wọ́n. "Ẹni méjì ló yẹ kó lò ó. Àwọn ọmọ mi wà lóko. Ta ni kí n pè? Ó sì wúwo, mi ò lè gbé e wọlé bí òjò bá dé. Páànù rẹ̀ dípẹtà. Gàrí tí mo kọ́kọ́ fi í ṣe dúdú, àwọn tó ń gbé e lọ sí Èkó kò rà á. Ṣé kí n sọ èyí fún ọkọ mi, kó ní mo pẹ̀gàn nǹkan tó rà fún mi?"

Nínú mọ́tò tí wọ́n wọ̀ padà, Harriet mọ̀ pé òótọ́ ni òun gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń wo Bùsírátù tó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èrò mìíràn sọ sí i lọ́kàn: ẹni tó lè jókòó pẹ́ tó báyìí títí tí àwọn obìnrin fi tú àṣírí inú wọn fún un, ta ni kò lè gbé e lọ tà fún?

Ìjà gidi bẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Herbert ti ya ẹ̀rọ tuntun kan sórí pákó, èyí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ọwọ́ irin méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àti táyà kéékèèké lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sùn dáadáa láti ìgbà tí èrò náà ti wá sí i lọ́kàn. Ó pe gbogbo wọn jọ kí wọ́n wá wò ó. Láwàlì pàtẹ́wọ́. Bùsírátù wò ó títí, ó ní:

"Ọ̀gá, ó rẹwà. Ẹ má ṣe é."

"Kí lo wí?"

"Ẹ má ṣe é, sà. Ó tún tóbi sí i. Ó tún ń fẹ́ ẹni méjì. Ilẹ̀ Kọ́bapẹ́ kì í ṣe sìmẹ́ńtì, táyà yẹn á rì sínú ẹrẹ̀. Èyí tó kéré ni ká ṣe, tí obìnrin kan ṣoṣo lè lò, tó lè gbé wọlé, tó sì lè yọ igi inú rẹ̀ fọ̀."

Herbert ju ẹfun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló rán ọ sí mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Irọ́ ni!" ni Harriet wí. Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mo rí ọ ní ṣọ́ọ̀bù Jùbrílù. Mo bi ọ́ níbí, o ní Kọ́bapẹ́ nìkan lo lọ. Kí ló fún ọ nínú bébà yẹn?"

Bùsírátù wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó sì gbé bébà náà jáde. Ègé páànù oríṣiríṣi ló wà nínú rẹ̀. Ó ti rẹ wọ́n sínú omi ẹ̀gẹ́ nínú ìkòkò kan lẹ́yìn ilé láti mọ èyí tí kì í dípẹtà.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Jùbrílù," ló wí. "Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀ níbí, ẹ ò ní gbọ́ ohun tó kù lẹ́nu mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa á mọ́. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bínú sí mi lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo páànù yìí ná."

Herbert wò ó. Láwàlì ló mú ọ̀kan tó ṣì ń dán, tó yí i padà lọ́wọ́. "Èyí nípọn," ló wí lábẹ́lẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo lè lù ú."

Bóyá nítorí ìyẹn ni Herbert ṣe gbà kí wọ́n ṣe kékeré kan wò, kó sì fi ti ńlá sílẹ̀ ná. Kò fi tìfẹ́tìfẹ́ gbà á. Igi fífúyẹ́ tí Bùsírátù ní kí wọ́n fi ṣe àpótí àkọ́kọ́ là sí méjì. Herbert fẹ́ kígbe mọ́ Láwàlì pé ìṣó tó fi kan apá irin mọ́ ọn ti pọ̀ jù, Bùsírátù sì dí i lọ́nà. "Èmi ni mo mú igi yẹn, Ọ̀gá. Láwàlì ti kìlọ̀ fún mi." Láti ọjọ́ náà ni Láwàlì kò ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa mọ́. Harriet rí ìyẹn náà, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó jọ pé obìnrin náà ń fà wọ́n mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ṣì wà lórí èkejì nígbà tí ìròyìn dé: Jùbrílù ti gbé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ tuntun jáde ní Ìtòkú, ènìyàn sì ń wọ́ lọ wò ó.

Herbert kò dúró gbọ́ ìdí. Ó jáde sí àgbàlá, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Máa lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Mi ò fẹ́ rí ọ níbí mọ́."

Bùsírátù wo ojú Láwàlì, ó wo ojú Harriet. Harriet gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin náà mú gèlè rẹ̀, ó sì lọ láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí inú Harriet dùn. Dípò bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tó yá ó gba Ìtòkú lọ láti fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀rọ náà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kùn ún. Ó ní ọwọ́ irin méjì. Táyà kéékèèké wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Harriet dúró sójú kan náà bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Èyí tí Bùsírátù ní kí wọ́n má ṣe ni. Bó bá jẹ́ pé Bùsírátù ló ń tú àṣírí wọn, kékeré ni ì bá gbé fún Jùbrílù. Kí ló dé tí yóò fi fún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ní èyí tó mọ̀ pé kò dára? Inú ṣọ́ọ̀bù ni Olúṣẹ̀yẹ káfíńtà ti ń fá igi, ó ń kọ orin ìsìn jẹ́jẹ́. Orin yẹn gan-an ni Herbert ń kọ káàkiri ilé lọ́sẹ̀ náà. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni àwọn ọkùnrin méjèèjì wà.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹni mélòó lẹ ti ya ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ méjì yẹn fún?"

"Kò sẹ́ni kankan. Ẹ̀yin nìkan ni."

"Ẹgbẹ́ akọrin ń kọ́?"

Herbert gbé òkèlè rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó dà á padà sínú àwo. Ó ti yà á sórí ilẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ìdánrawò, pẹ̀lú ẹfun, ó sì ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ títí dé orí táyà. Olúṣẹ̀yẹ tilẹ̀ ti bi í bí wọ́n ṣe ń so ọwọ́ irin kejì. Inú rẹ̀ dùn nígbà náà pé ẹnì kan lóye iṣẹ́ òun.

"Mo fẹ́ kí wọ́n rí i ni," ló wí. Kò tún jẹun mọ́.

Harriet ló kọ́kọ́ lọ sí Kóbìtì. Bùsírátù jáde wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní kó wọlé.

"Àǹtí, ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn, ẹ ò gbà á gbọ́."

Harriet sọ ohun tó rí ní Ìtòkú fún un, àti ti ẹgbẹ́ akọrin. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá. Bùsírátù ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó lé òun ló yẹ kó wá pe òun. Herbert sì wá, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n sọ kò pọ̀. Bùsírátù ní òun yóò máa sọ gbogbo ibi tí òun bá ń lọ fún wọn, títí kan ilé ìbátan òun. Herbert ní òun kò ní ya ẹ̀rọ kankan fún ará ìta mọ́ títí àwọn tó ń lò ó yóò fi dán an wò. Àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ wo ojú ara wọn.

Nígbà tí kékeré náà parí, tí ọmọrí igi tó wúwo ń tẹ ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ọwọ́ má bàa kan páànù, tí igi inú rẹ̀ sì ṣeé yọ, wọ́n gbé e lọ fún Morónkẹ́. Wọ́n ní kó máa lò ó, kó má san nǹkan kan.

Ojú Morónkẹ́ yí padà. "Ẹ ò gbowó? Kí wá lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Àléébù rẹ̀ ni, Màmá," ni Bùsírátù wí. "Gbogbo ohun tó bá bí yín nínú nípa rẹ̀, ẹ pa á mọ́ dè wá."

Nígbà tí Bùsírátù padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Herbert àti Harriet pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sí lábẹ́ àtíbàbà. Kò sí lẹ́yìn ilé, kò sí nínú ilé. Herbert figbe ta:

"Màmá yẹn ti tà á! Ó ti tà á fún Jùbrílù!"

Bùsírátù tẹ́tí. Harriet náà tẹ́tí, ó sì gbọ́ ìró páànù láti ìsàlẹ̀ abúlé. Wọ́n tẹ̀ lé e gba àárín ilé méjì kọjá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹ̀rọ náà nínú àgbàlá ẹlòmíràn, ó tutù rinrin, obìnrin kan ń yí i, àwọn mìíràn sì dúró tì í pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó kàn. Láti ilé dé ilé ni wọ́n ti ń rù ú kiri. Morónkẹ́ wà láàárín wọn, ó ń pariwo pé òun ni wọ́n fún, pé kí wọ́n gbé e padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bó ṣe rí Bùsírátù ló bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ irin náà gùn jù, ó ń gbá òun ní orúnkún, ọmọrí rẹ̀ kò dé dáadáa, ta ló ní kí wọ́n kan ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí? Herbert la ẹnu láti ṣàlàyé. Harriet tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ máa wí, Màmá," ni Harriet sọ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì wá ibi jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bùsírátù, tó ti sún fún un.